Ta Ló Ni Òpin Ọ̀sẹ̀?

Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì bá ti ń sún mọ́lé, ara òṣìṣẹ́ Èkó a bẹ̀rẹ̀ sí í yá gágá. Ẹni tó ti fajú ro láti àárọ̀ a máa dá àpárá. Bí wọ́n sì ti ń ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ fi ń dágbére fún ara wọn: ẹ lọ sinmi dáadáa o, kí ẹ lè fi okun tuntun padà wá lọ́jọ́ Ajé. Àdúrà rere ni, kò sì sí ẹni tó jẹ́ bú ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tú u wò, yóò rí i pé ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń gbàdúrà fún, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ lọ sinmi. Wọ́n ti sọ òpin ọ̀sẹ̀ di wáyà tí a fi ń ṣáàjì fóònù. Ta ló sì ń ṣáàjì fóònù nítorí àlàáfíà fóònù?

Ká tilẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ta ló ń sinmi gan-an? Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹlòmíràn ti gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ fún ìṣọ́ òru. Bó bá jẹ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn a kún fún àwọn tó ń lọ sí ìsìn Ẹ̀mí Mímọ́ ti ìjọ Redeemed. Bí ilẹ̀ Àbámẹ́ta bá mọ́, aṣọ ọ̀sẹ̀ kan wà nílẹ̀ tí a ó fọ̀, ọjà wà tí a ó ná, aṣọ ẹbí sì wà lára ògiri tó ń dúró de òde ọ̀sán. Lọ́jọ́ Àìkú, Kristẹni gba ilé ìsìn lọ. Mùsùlùmí náà kò jókòó: ẹgbẹ́ NASFAT, tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1995, mú òwúrọ̀ Àìkú fún Asalatu, ìpàdé àdúrà wọn, nítorí ìgbà tí ọ́fíìsì bá wà ní títì ni òṣìṣẹ́ ń ráyè. Nígbà tí ilẹ̀ Àìkú bá fi máa ṣú, àárẹ̀ ìsinmi ti borí àárẹ̀ iṣẹ́. Títí di 2016, ìjọba Èkó kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀ ní Àbámẹ́ta tó bá kẹ́yìn oṣù, nítorí ìmọ́tótó àyíká. Ilé gbígbá àti gọ́tà kíkó ni wọ́n ní kí aráàlú máa ṣe, ṣùgbọ́n àwọn tó gbé Èkó nígbà náà mọ̀ pé oorun wákàtí mẹ́ta yẹn dùn ju ti gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ yòókù lọ.

Kò sí àríyànjiyàn pé àárẹ̀ ń pani. Ní 2021, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, àti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, gbé ìṣirò kan jáde: bí a bá fi ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ wé ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ tirẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ga jù, ewu pé kí àrùn ọkàn pa á sì fi ìdá 17 ga jù. Ènìyàn 745,000 ni wọ́n ṣírò pé irú iṣẹ́ àṣejù bẹ́ẹ̀ pa kárí ayé ní 2016 nìkan. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ń sinmi kí òun má baà kú, òótọ́ ló sọ. Ohun tó wà nílẹ̀ láti bèèrè ni pé, ṣé ohun tí ìsinmi wà fún kò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Àbí iṣẹ́ ló ni wá, tó kàn ń yọ̀ǹda ọjọ́ méjì fún wa kí a fi tún ohun èlò rẹ̀ ṣe?

Ìbéèrè yìí ti wà kí ẹnikẹ́ni tó dá ọ́fíìsì sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bíbélì ka Òfin Mẹ́wàá sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì pàṣẹ ọjọ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n ìdí tó fi tì í lẹ́yìn kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú Ẹ́kísódù orí 20, ìdí náà ni pé ọjọ́ mẹ́fà ni Ọlọ́run fi dá ayé, tó sì sinmi ní ìkeje. Nígbà tí Diutarónómì máa tún òfin náà sọ ní orí 5, kò mẹ́nu kan ìdá ayé níbẹ̀ rárá. Ó ní kí Ísírẹ́lì rántí pé ẹrú ni wọ́n ní Íjíbítì. Ó wá to àwọn tí ìsinmi tọ́ sí lẹ́sẹẹsẹ: ọmọkùnrin, ọmọbìnrin, ìránṣẹ́kùnrin, ìránṣẹ́bìnrin, màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àti àlejò tó wọ̀ sí ìlú. Ó sọ ọ́ láì fi epo bọ iyọ̀ pé kí ìránṣẹ́ lè sinmi bí olówó rẹ̀ ti ń sinmi. Kí ènìyàn yẹ ẹsẹ wọ̀nyẹn wò láti òkè délẹ̀, kò ní í rí ibi tí Mósè ti ní kí wọ́n sinmi kí iṣẹ́ ọjọ́ kejì lè yá.

Ìdí àkọ́kọ́ yẹn náà ní ìjìnlẹ̀ tirẹ̀. Wòlíì Àìsáyà sọ ní orí 40 pé kì í rẹ Ọlọ́run. Al-Kùránì náà sọ ọ́ nínú Súrà Qaf, ẹsẹ 38, pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà tí a fi dá sánmà àti ilẹ̀, àárẹ̀ kankan kò kan Ẹlẹ́dàá. Ìdí nìyẹn tí àwọn Mùsùlùmí kò fi gbà pé Ọlọ́run sinmi rárá. Àwọn Júù àti Kristẹni gbà pé ó sinmi, wọ́n sì gbà pẹ̀lú pé kò rẹ̀ ẹ́. Bí ẹni tí kì í rẹ̀ bá lè sinmi, a jẹ́ pé nǹkan mìíràn wà nínú ìsinmi tó ju oògùn àárẹ̀ lọ.

Ẹ̀sìn Ìsìláámù gba ọ̀nà tirẹ̀ yọ sí ibi tí kò jìnnà sí èyí. Ọjọ́ Jímọ́ kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi lójú Al-Kùránì. Ohun tí Súrà Jumu'ah sọ ní ẹsẹ 9 àti 10 ni pé bí wọ́n bá ti pe ìrun, kí onígbàgbọ́ fi kátàkárà sílẹ̀. Bí ìrun bá sì parí, kí wọ́n tú ká, kí wọ́n lọ máa wá oore Ọlọ́hun kiri. Oníṣòwò ọjà Gbági tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án Jímọ́ kò tì í nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́. Ọjà sábà máa ń tà lákòókò yẹn gan-an, oníbàárà á sì dúró sẹ́nu ọ̀nà á máa kùn. Ó tì í kí ọjà lè mọ̀ pé ẹnìkan wà tó ju òun lọ.

Aristotle, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Gíríìsì, gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò kí wọ́n tó bí Jésù ní ohun tó ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ. Nínú apá kẹwàá ìwé rẹ̀ lórí ìwà ọmọlúàbí, ó ní eré àti ìgbafẹ́ wà nítorí iṣẹ́, nítorí pé ara kò lè ṣiṣẹ́ láìdúró. Ṣùgbọ́n àyè gidi, èyí tí ènìyàn fi ń ronú jinlẹ̀ lórí òtítọ́, òun ni iṣẹ́ fúnra rẹ̀ wà fún, bí ó ti jẹ́ pé nítorí àlàáfíà ni a ṣe ń jagun. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Àléébù ibẹ̀ kò ṣòro rí: lójú Aristotle, ẹrú ló yẹ kó máa ṣe iṣẹ́ náà kí ọmọ onílùú lè ráyè. Ẹnu ọ̀nà tí Mósè ṣí fún ìránṣẹ́ ni Aristotle tì mọ́ ọn.

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ọjọ́ ìsinmi jẹ́, ẹrú ni ká bi. Ìtàn kan sì wà nípa èyí tó kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n.

Ní ìlú Salvador, ní Bahia ilẹ̀ Bràsíl, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú pọ̀ lọ jàra ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ogun tó tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká ló gbé ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló wà lóko ìrèké. Ọ̀pọ̀ ń ṣiṣẹ́ káàkiri ìgboro, wọ́n ń ru ẹrù ní èbúté, wọ́n ń gbé àwọn ọlọ́lá káàkiri lórí àga, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń kiri ọjà. Bí ọ̀sẹ̀ bá parí, iye kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó lé olówó wọn lọ́wọ́, ohun tó bá ṣẹ́kù ni tiwọn. Ọjọ́ Àìkú àti àwọn ọjọ́ ọdún ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n máa ń mí díẹ̀. Olówó ẹrú lè máa rò pé ara ni wọ́n ń tún ṣe de iṣẹ́. Àwọn Mùsùlùmí àárín wọn ń fi irú àyè bẹ́ẹ̀ kọ́ ara wọn ní Al-Kùránì àti ìwé Lárúbáwá, wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n ń dáwó jọ láti ra òmìnira ara wọn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn, Pacifico Licutan, tó ń ṣiṣẹ́ tábà, ni àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kówó jọ láti rà padà, tí olówó rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí gbèsè wọ olówó yìí lọ́rùn, Licutan ni wọ́n gbé tì mọ́lé bí ẹni gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá.

Àìkú, ọjọ́ 25 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1835, ni àwọn Mùsùlùmí wọ̀nyí mú láti dìde ogun sí àwọn olówó wọn. Wọn kò ṣàdédé mú un. Ọdún ìjọ Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní Nossa Senhora da Guia bọ́ sí ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun ni yóò sì ti kúrò láàárín ìgboro lọ ṣe é ní Bonfim. Oṣù Ramadan náà ti ń lọ sópin. Ìlànà wọn ni pé kí ó jẹ́ ìdájí, nígbà tí ẹrú ń jáde lọ pọnmi, tí ẹnikẹ́ni kò ní í bi ènìyàn dúdú léèrè ibi tó ń lọ. Àṣírí tú lálẹ́ Àbámẹ́ta. Nígbà tí àwọn agbófinró kan ilẹ̀kùn ilé kan ní Ladeira da Praça ní nǹkan bí aago kan òru, àwọn tó wà nínú ilé já síta tìjà tìjà. Ibi tí wọ́n ti Licutan mọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ forí lé, wọn kò rí i tú sílẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ṣin ìjọba ṣẹ́gun wọn ní Água de Meninos. Àwọn tó dìde tó nǹkan bí 600. Nǹkan bí 70 nínú wọn ló kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yìnbọn pa mẹ́rin, wọ́n na àwọn mìíràn ní ẹgba tí ojú kò rí irú rẹ̀, wọ́n sì lé àwọn kan padà sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ìran àwọn tó padà wá láti Bràsíl láàárín ọdún wọ̀nyẹn àti lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn Àgùdà tó wà ní Èkó, àwọn tí ilé alárà wọn ṣì wà ní agbègbè Campos.

Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí ìtàn yìí ń sọ fún wa. Àwọn tó fún wọn ní ọjọ́ Àìkú fún wọn nítorí òfin ìjọ àti nítorí kí iṣẹ́ Ajé lè yá. Àwọn tó gbà á lò ó bí ọjọ́ tí ènìyàn kì í ṣe ohun èlò ẹnikẹ́ni. Ní Kúbà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní cabildo máa ń pàdé ní Havana lọ́jọ́ Àìkú àti lọ́jọ́ ọdún, wọ́n ń lù, wọ́n ń jó, wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́. Inú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni ìlù àti ẹ̀sìn àwọn Lukumí, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá ibẹ̀, ti rí ibi fara pamọ́ sí, tí Ṣàngó àti Ọ̀ṣun fi wà níbẹ̀ títí dòní. Bó bá jẹ́ pé oorun nìkan ni wọ́n fi àyè wọn sùn, bóyá ara wọn ì bá le díẹ̀ sí i fún ìrèké gígé. Ṣùgbọ́n kì bá tí sí ẹni tó mọ orúkọ òrìṣà wọn lónìí.

Ọkùnrin kan wà tó rí apá méjèèjì ọ̀rọ̀ yìí ní Maryland, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní àárín àwọn ọdún 1830 kan náà. Frederick Douglass ni orúkọ rẹ̀, ẹrú ni nígbà náà. Nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 1845, ó ṣàlàyé pé láti Kérésìmesì di ọdún tuntun, àwọn olówó máa ń fún ẹrú láyè, wọ́n sì máa ń fẹ́ kí wọ́n fi mutí kí wọ́n yó bìnàkò. Ẹrú tó bá ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ lásìkò náà, ojú aláìmoore ni wọ́n fi ń wò ó. Douglass kò gbà pé àánú ló mú wọn ṣe é. Ó ní ọgbọ́n ni, kí ìbínú tó ń hó nínú ẹrú lè rí ibi tú jáde sí, kí ọtí sì sú u débi pé yóò dùn mọ́ ọn láti padà sóko. Ọkùnrin yìí kan náà ló fi ọjọ́ Àìkú kọ́ àwọn ẹrú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìwé kíkà, tí wọ́n lé ní ogójì nígbà kan. Inú àwọn olówó kì í dùn sí èyí. Wọ́n ti fi kùmọ̀ tú irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ká rí. Ìjàkadì àti ọtí kò bí wọn nínú. Ìwé ló bí wọn nínú.

Ìsinmi tó wu olówó ẹrú ni èyí tó ń dá ẹrú padà sí ẹnu iṣẹ́. Ká má parọ́, púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn ìgbàlódé lórí òpin ọ̀sẹ̀ kò jìnnà sí ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi òróró àti orin jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi rọ́pò ọtí.

Òpin ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méjì fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́ láyé. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ òwú kan ní New England ti ń fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Àbámẹ́ta láti 1908 nítorí àwọn Júù tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó gbé e lárugẹ ni Henry Ford, tó sọ iṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò rẹ̀ di ọjọ́ márùn-ún, wákàtí 40, ní 1926. Ó ṣàlàyé ara rẹ̀ fún akọ̀ròyìn kan lọ́dún yẹn. Ford kò fọ̀rọ̀ bò: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní àyè láti lo nǹkan, kò sì ní í rà á. Ẹni tó ráyè ni yóò fẹ́ mọ́tò tí yóò fi gbafẹ́. Ẹ̀yin ẹ wò ó, lójú Ford, òpin ọ̀sẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ ti ọjọ́ Ajé mọ́. Ọjà ló ni ín.

Ìjọba Soviet gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1929, wọ́n gbógun ti ọjọ́ Àìkú. Wọ́n pín àwọn òṣìṣẹ́ sí ọ̀nà márùn-ún, wọ́n fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀: iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, ìsinmi ọjọ́ kan, kí ẹ̀rọ má ṣe dákẹ́ láé. Bí a bá fi ojú ìṣirò wò ó, ìsinmi ti pọ̀ sí i, nítorí ọ̀kan nínú márùn-ún ju ọ̀kan nínú méje lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọkọ wà nílé, ìyàwó wà níbi iṣẹ́, ọmọ wà nílé ìwé. Òṣìṣẹ́ jókòó síwájú ilé, kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ara sinmi, ènìyàn kò sinmi. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ètò náà padà ní 1931, ọjọ́ Àìkú sì padà sípò rẹ̀ ní 1940.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀sẹ̀ àwọn baba ńlá wa náà fi èyí jọ. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni tiwọn, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní òrìṣà tó ni ín: Ifá, Ògún, Ṣàngó tí wọ́n ń pe tirẹ̀ ní Jàkúta, àti Ọbàtálá. A. B. Ellis, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ìwé lórí Yorùbá ní 1894, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn tó ń bọ òrìṣà kan ló ń fi ọjọ́ òrìṣà náà sinmi, tí àwọn yòókù ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Lóòótọ́ ni pé ìsinmi ń yí kiri bí ti Soviet. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ẹ̀rọ kọ́ ni wọ́n ń sinmi yí ká. Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá, olórìṣà a jí, a wọ aṣọ funfun, a gbá ojúbọ, a pọn omi tuntun. Obì dé, ẹ̀kọ dé, ọbẹ̀ ìgbín tí kò níyọ̀ dé. Àwọn tó jọ ń bọ òrìṣà kan náà á pé jọ, wọ́n á kí ara wọn, wọ́n á jẹun, wọ́n á gbọ́ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, wọ́n á parí ìjà tó wà láàárín wọn. Bí ènìyàn bá ń wá oorun, ibẹ̀ kọ́ ni yóò ti rí i. Síbẹ̀, òun nìkan kọ́ ló ń sinmi, ẹbí àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ńbẹ̀. Kí a má sì fi àtijọ́ ṣe ẹwà jù: ìwọ̀fà wà láyé ìgbà náà, tó ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ sin owó tí ẹlòmíràn jẹ, ẹrú sì wà pẹ̀lú.

Àwọn kan wà ní ilẹ̀ wa tí ìsinmi ń ná lówó gidi. Ní 1914 ni David Babcock mú ìjọ Adventist wá sí Erunmu lẹ́bàá Ìbàdàn. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ yunifásítì wọn tó wà ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì títí di ìwọ̀ oòrùn Àbámẹ́ta, wọn kì í ṣiṣẹ́, wọn kì í tà, wọn kì í rà. Ní orílẹ̀-èdè tí ìnáwó, ìsìnkú àti ìdìbò ti máa ń bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀yin ẹ ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àbámẹ́ta ni ọjọ́ 25 oṣù Èrèlé 2023 tí a dìbò ààrẹ, Àbámẹ́ta náà sì ni ọjọ́ 18 oṣù Ẹrẹ́nà tí a dìbò gómìnà. Ènìyàn lè má gba ẹ̀kọ́ wọn gbọ́. Ohun kan tó dájú ni pé kò sí ẹni tó lè sọ pé nítorí iṣẹ́ Ajé ni wọ́n ṣe ń sinmi, nítorí ìsinmi náà gan-an ló ń gba iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà mìíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá le ni ti ìránṣẹ́ tí Diutarónómì dárúkọ. Nígbà tí Ọba Constantine ti Róòmù sọ ọjọ́ Àìkú di ọjọ́ ìsinmi ní 321, adájọ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ìgboro ló kàn. Àgbẹ̀ lè máa bá oko rẹ̀ lọ, wọ́n ní kí àkókò ìgbìn má baà kọjá. Títí dòní ni àwọn kan ṣì ń sinmi lé àwọn kan lórí. Kí ẹni tó ń ṣiyèméjì yọjú sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn àríyá lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Àwọn alásè ti to igi, ìkòkò ńlá ti gun orí ààrò, èéfín ti gba ojú wọn. Ọ̀kan ń bó àlùbọ́sà, omi ń dà lójú rẹ̀. Èkejì fi ọwọ́ méjèèjì di òrógùn tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá mú, ó ń ro ìrẹsì láti ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ilẹ̀ á mọ́ bá wọn lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí àlejò bá ń náwó fún olórin lọ́sàn-án, wọ́n ṣì wà lórí ìdúró, lọ́jọ́ Àìkú wọ́n á fọ ìkòkò. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni, wọ́n ń gbowó rẹ̀, wọ́n sì lè fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun sinmi bó bá wù wọ́n. Ọ̀rọ̀ tiwọn kò burú.

Ọ̀rọ̀ tó burú wà nínú ilé. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, ní abala 13, sọ pé òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ ìsinmi kan láàárín ọjọ́ méje, èyí tí kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí 24 gbáko. ILO ti sọ ohun kan náà fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ láti 1921, ó sì sọ ọ́ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé onílé nínú àdéhùn rẹ̀ ti 2011. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé, òpin ọ̀sẹ̀ ni iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ń pọ̀ jù lọ. Dádì wà nílé, Mọ́mì wà nílé, àwọn ọmọ kò lọ síléèwé, àlejò ń wọlé. Òun ló máa kọ́kọ́ jí kí ó po àkàrà, òun ló máa lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì gbogbo ilé, òun ló máa gbé ọmọ pọ̀n níbi ìnáwó kí ìyá ọmọ lè ráyè jó. Lálẹ́ Àìkú, nígbà tí gbogbo ilé bá ń sọ pé ìsinmi yìí mà dùn o, abọ́ ọ̀sán àti ti alẹ́ ló wà níwájú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá sì lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé ni òun tó máa jókòó díẹ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, Kristẹni lè máa pa ọjọ́ ìsinmi mọ́ fún ogún ọdún kó má tíì pa òfin náà mọ́ rí, nítorí ìdajì òfin náà ló ń pa mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ní òṣìṣẹ́ nínú ilé, ìbáà ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, aṣọ́gbà, awakọ̀ tàbí ẹni tó ń tọ́jú ìyá arúgbó, ẹ yan ọjọ́ kan fún un láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ sọ ọjọ́ náà fún un kó mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣe bi í ní ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Bó bá fẹ́ sùn, kó sùn; bó bá fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́, kó lọ; bó bá fẹ́ lọ kí àwọn ará ìlú rẹ̀ kó sì pẹ́ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó pẹ́. Kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má pe orúkọ rẹ̀ ráńṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ má sì yọ ọ́ lára owó rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí.